Epo Tó Wọ Jíìpù Alájì

Ẹ má pè mí ní ìyá rere o. Àwọn ará àdúgbò wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ ń pè mí bẹ́ẹ̀, mo sì ń jẹ́ ẹ, torí kò sí ohun tí mo fẹ́ sọ fún wọn. Ẹ̀yin ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún. Bí ẹ bá gbọ́ tán tí ẹ fẹ́ bú mi, ẹ bú mi dáadáa. Mo ti bú ara mi ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Asiyah ni orúkọ mi. Aṣọ ni mò ń rán, ṣọ́ọ̀bù mi ò jìnnà sí Ọjà Igbó. Ọkọ mi ti kú láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, ọmọ kan ṣoṣo ló fi sílẹ̀ fún mi, Haneefah. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, Alájì Kareem, ni olórí ilé wa báyìí. Inú ilé kan náà la jọ ń gbé, tiwọn níwájú, tèmi lẹ́yìn.

Alájì ní jíìpù kan. Háà, ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ jíìpù! Tòkunbọ̀ ni, ó dúdú, ó ń dán. Ọmọ wọn tó wà lókè òkun ló fi ránṣẹ́ nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Lọ́jọ́ tó dé, Alájì ṣí ibi tí wọ́n ń rọ epo sí, wọ́n rí i pé wọ́n kọ ọ́ sẹ́yìn ìdérí rẹ̀ lédè òyìnbó pé epo pírímíọ̀mù nìkan ni kí wọ́n máa rọ sí i. Ọjọ́ yẹn lorí wọn yí. Mẹkáníìkì wọn ní, "Alájì, ìlú òyìnbó ni wọ́n ti ń ta oríṣi méjì, ti gbogbo èèyàn àti ti olówó. Oríṣi kan la ní níbí. Bí kò bá ṣáà ti ní ìdọ̀tí, ẹ rọ ọ́." Alájì ní kó lọ jókòó jẹ́ẹ́. Ilé epo kan wà ní Ọ̀yọ́, wọ́n ní ibẹ̀ nìkan ni epo ti mọ́ tó èyí tí wọ́n kọ sí ìdérí náà. Ṣé ẹ ń gbọ́ mi? Láti Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti ń wa jíìpù lọ sí Ọ̀yọ́ lọ ra epo! Wọ́n á jó epo lọ, wọ́n á jó epo bọ̀, wọ́n á wá máa rẹ́rìn-ín pé àwọn ra epo gidi.

Kí ni mo fẹ́ wí? Ìyàwó ilé ni mí. Mi ò gbọ́dọ̀ pe orúkọ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi lójú wọn, ká má tíì wá sọ pé kí n wí fún wọn pé ohun tí wọ́n ń ṣe ò mọ́gbọ́n dání. "Ọkọ mi" ni mò ń pè wọ́n. Mò ń kúnlẹ̀ kí wọn láràárọ̀, ọ̀rọ̀ tó bá ń hó nínú mi, màá gbé e mì.

Haneefah fẹ́ di nọ́ọ̀sì. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti ṣe Jám̀bù tí máàkì rẹ̀ ò tó. Àwọn àgbà ilé wá sọ pé tọdún yìí ló kẹ́yìn. Bí kò bá bọ́ sí i, kó wá jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ lọ́dọ̀ mi, àwọn ò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ yunifásítì mọ́. Ọmọ náà kàwé títí ojú rẹ̀ fi wú. Nígbà tí wọ́n fi ibi tó ti máa ṣe é ránṣẹ́, Ọ̀yọ́ ni, aago mẹ́jọ àárọ̀. Alájì ní, "Ẹ má da ara yín láàmú. Èmi ni màá fi jíìpù gbé e lọ." A gbà wọ́n gbọ́, a ò wá ọkọ̀ mìíràn.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni epo wọ́n. Àwọn ilé epo Ògbómọ̀ṣọ́ ti géètì, èyí tó bá sì ṣí, mọ́tò ti tò débi tójú ò lè tó o. Epo inú jíìpù ò lè gbé wa dé ìdajì ọ̀nà. Nígbà tí mo rí i pé Alájì ò sọ nǹkan kan, mo lọ bá Mátíù tó ń ta epo inú kẹ́ẹ̀gì ní Ọjà Igbó, mo ra lítà mẹ́wàá. Bí a ṣe kírun àsùbá tán lọ́jọ́ ìdánwò, mo gbé e rù, mo lọ kúnlẹ̀ síwájú jíìpù.

"Ọkọ mi, ẹ kú ìdájí. Epo rèé o."

Alájì ṣí kẹ́ẹ̀gì, wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n fa imú sẹ́yìn. "Asiyah, kí lèyí? Kẹrosíìnì ló pọ̀ nínú ẹ̀. Ṣé o fẹ́ pa ẹ́ńjìnnì mi ni?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ọkọ mi. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni. Torí ìdánwò ọmọ yín ni."

"Mọ́tò yìí kì í mu ìdọ̀tí. Ẹ ní sùúrù. Wọ́n ní ilé epo òkè yẹn máa tà ní aago méje, tiwọn sàn ju ti kẹ́ẹ̀gì lọ."

Haneefah dúró níbẹ̀, ó di ọ̀rá tí ìwé ìdánwò rẹ̀ wà nínú ẹ̀ mọ́ àyà. Ó ń wo ojú mi, ó ń wo ojú wọn. A ní sùúrù. Aago méje lù, ilé epo òkè ò ṣí géètì. A sáré lọ sí gáréèjì, bọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ó ń dúró de èrò. Nígbà tí a máa fi dé Ọ̀yọ́, aago mẹ́sàn-án àbọ̀ ti kọjá, ọ̀gá géètì ní ẹnikẹ́ni ò lè wọlé mọ́. Haneefah ò sunkún. Ó jókòó sórí òkúta kan, ó ń to ìwé rẹ̀ sínú ọ̀rá, ó ń tú u, ó tún ń tò ó.

Ìgbà tí a padà délé, ta la bá? Alájì ni, wọ́n ń fi àkísà nu gíláàsì jíìpù. Mo sọ fún wọn pé ọmọ ò ráyè wọlé. Wọ́n mi orí. "Àkọsílẹ̀ ni, Asiyah. Kò sí lọ́wọ́ ẹnì kankan."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, ọkọ mi." Mo wọ yàrá, mo sì fi eyín fa aṣọ oníbàárà mi ya.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá. Epo ti padà sí ilé epo, Alájì ti lọ sí Ọ̀yọ́ lọ ra ààyò wọn. Ní Ọjọ́rú kan, wọ́n fẹ́ lọ síbi ìsìnkú ní Ìkòyí-Ilé. Wọ́n ní ọ̀nà ibẹ̀ á ba abẹ́ jíìpù jẹ́, wọ́n bá mọ́tò ẹlòmíràn lọ. Ọwọ́ mi ni wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ jíìpù sí. Ṣẹ́ ẹ rí i, èmi ìyàwó rere.

Kẹ́ẹ̀gì Mátíù ṣì wà lábẹ́ tábìlì tí mo ti ń gé aṣọ. Ojoojúmọ́ ni ẹsẹ̀ mi ń kàn án. Mo gbé e wálé lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Kò sẹ́nikẹ́ni nínú ọgbà. Mo ti àrọ bọ ẹnu tánkì, mo rọ gbogbo rẹ̀ sí i. Ó yẹ kó tó mi. Kò tó mi. Mo mú ìgò tí mo fi ń wọ́n omi sáṣọ kí n tó fi áyọ́ọ̀nù sí i, mo da omi inú rẹ̀ lé epo náà. Mo tún lọ rọ omi kún un, mo tún dà á. "Máa mu," mo ń sọ fún jíìpù, "máa mu pírímíọ̀mù tìẹ." Mi ò ní purọ́ fún yín, inú mi dùn. Láti ìgbà tí bàbá Haneefah ti kú, inú mi ò dùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ohun tí mo fẹ́ ò ju pé kí jíìpù kú sílẹ̀ ní Jímọ̀, níwájú mọ́ṣáláṣí, kí àwọn jàmáà máa tì í, kí òórùn epo wọ àgbàdá Alájì. Ìyẹn náà ni gbogbo rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Haneefah sáré wọ ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, ó ń pariwo. Wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ pé kí àwọn tí kò ráyè ṣe ìdánwò tún wá ṣe é ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀, ní Ọ̀yọ́ níbi àkọ́kọ́ yẹn náà. A dì mọ́ra, a ń fò.

"Mo ti kọ́kọ́ sọ fún bàbá Alájì," ó ní. "Wọ́n sunkún, Màámi."

Mo pòṣé. Ẹkún ọ̀nì, mo sọ ọ́ lọ́kàn mi.

Jímọ̀ dé. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù láti wòran. Alájì ni mo rí tí wọ́n ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀ nínú oòrùn, òógùn bo ojú wọn. Mo rò pé jíìpù ti kú nílé. Mo rẹ́rìn-ín títí oníbàárà mi fi bi mí pé kí ló dé.

Ní ọ̀sán Ọjọ́ Ajé, mo ti di ẹrù Haneefah. Obìnrin kan tí mo máa ń ránṣọ fún ní Ọ̀yọ́ ti gbà kó wá sùn sọ́dọ̀ òun, kó lè tètè dé ibi ìdánwò láàárọ̀. Bí a ṣe fẹ́ jáde, Alájì dúró síwájú wa.

"Asiyah, sọ ẹrù ọmọ kalẹ̀. Mo ti já a kulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, mi ò ní já a kulẹ̀ mọ́. Èmi ni màá fi jíìpù gbé e lọ láàárọ̀ ọ̀la. Láti Ọjọ́bọ̀ tó ti sọ fún mi ni mi ò ti gbé jíìpù jáde, kí epo inú ẹ̀ má bàa dín. Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn lọ kí Jímọ̀. Wò ó, bó bá tún ṣẹlẹ̀ pé epo kẹ́ẹ̀gì nìkan ló kù láyé, màá rọ ọ́."

Mo ní, "Ọkọ mi, ẹ jẹ́ kó wọ bọ́ọ̀sì."

"Kí ló dé?"

Kí ló dé? Ìyàwó wọn ti yọjú, àwọn ará ilé ti ń wò wá. Haneefah di apá mi mú. "Màámi, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé mi. Wọ́n ti bẹ̀ mí. Ẹ má bínú sí wọn mọ́."

Wọ́n rò pé ìbínú ló ń ṣe mí! Gbólóhùn kan péré ni mo nílò láti sọ fún Alájì: Mo rọ omi sí tánkì yín. Wọn ì bá lé mi padà sílé bàbá mi, wọn ì bá sọ ọ́ káàkiri Ògbómọ̀ṣọ́, ṣùgbọ́n ọmọ mi ì bá wọ bọ́ọ̀sì. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ dájú, ẹ má jẹ́ kí n tan yín. Mo ro ojú tí wọ́n á fi wò mí, mo sì sọ ẹrù kalẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, èmi náà jókòó sẹ́yìn jíìpù, tẹ̀súbáà lọ́wọ́. Mò ń sọ fún ara mi pé epo tó dáa pọ̀ nínú tánkì ju èyí tó burú lọ, ó lè má ṣe nǹkan kan. A ò tíì jáde nílùú tó fi húkọ́. Alájì ní, "Kí lèyí?" Wọ́n tẹ̀ ẹ́, ó ń lọ. A dé ẹ̀gbẹ́ gáréèjì. Bọ́ọ̀sì Ọ̀yọ́ mẹ́ta ló wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pe èrò. Mo wò wọ́n títí a fi kọjá wọn.

Nígbà tí a kọjá Odò-Ọbà, jíìpù húkọ́, ó gbọ̀n, ó dákẹ́.

Haneefah bọ́ sí títì, ó ń ju ọwọ́ sí gbogbo mọ́tò tó ń kọjá. Gbogbo wọn ló kún. Mẹkáníìkì kan tó ń gun ọ̀kadà lọ dúró ràn wá lọ́wọ́, ó wọ abẹ́ jíìpù, ó fa epo díẹ̀ sínú ìgò funfun, ó gbé e sókè. Omi wà nísàlẹ̀, epo wà lókè, ojú gbogbo wa rí i.

"Alájì, epo kẹ́ẹ̀gì lẹ rà. Wọ́n ti lù yín ní jìbìtì."

"Èmi kẹ̀? Mo fi Ọlọ́run búra, ilé epo mi ní Ọ̀yọ́ ni mo ti rà á!"

Mẹkáníìkì rẹ́rìn-ín. Haneefah ò rẹ́rìn-ín. Ó yí sí Alájì, mi ò sì gbọ́ irú ohùn yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí. "Ẹ sọ fún wa pé mọ́tò yín kì í mu ìdọ̀tí. Ó wá di ọjọ́ tèmi kẹ́ ẹ tó lọ rà á fún un."

Alájì yí sí mi. Wọ́n wo ojú mi, bóyá kí n lè bá wọn sọ nǹkan. Mo wo ilẹ̀.

Ọ̀kadà mẹkáníìkì náà ló gbé ọmọ mi dé Ọ̀yọ́. Aago mẹ́jọ ti kọjá dáadáa. Ọ̀gá géètì dá a mọ̀. Ó ní, "Ìwọ tún ni? Ṣé wọn ò ní aago nílé yín ni?"

Alájì ti ta jíìpù náà. Ní àdúgbò, Alájì Kẹ́ẹ̀gì làwọn èèyàn ń pè wọ́n lẹ́yìn báyìí, àwọn ọmọdé pàápàá. Haneefah ń rán aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní ṣọ́ọ̀bù, ó ń ṣe é dáadáa, kò sì kí bàbá Alájì mọ́ bí kò ṣe pé mo bá fi ìgúnpá gún un.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Alájì wá bá wa ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ti rù. Wọ́n jókòó sórí àpótí oníbàárà. "Asiyah, gbogbo ayé ló ti pè mí ní òpùrọ́. Ìwọ ńkọ́? Ṣé o gbà pé èmi ni mo rọ epo yẹn?"

Haneefah dá ẹ̀rọ dúró, ó ń wò mí. Àyè rẹ̀ nìyẹn, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọlọ́run tún fún mi láyè lẹ́ẹ̀kan sí i.

Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Ọkọ mi, ó ti kọjá. Mo ti forí jì yín."

Omi bọ́ lójú wọn. Wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórí. "Ọlọ́run á san án fún ẹ, Asiyah. Gẹ́gẹ́ bí ọwọ́ ẹ ṣe ṣe é, Ọlọ́run á san án fún ẹ."

Haneefah ló ṣe àmín.