Kókó Abẹ́ Irun

"Kílípà ẹ ló kó o ràn án."

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n onígbàjámọ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀, lójú oníbàárà méjì tó ń dúró kó kàn wọ́n. Kò pariwo, ọ̀rọ̀ náà ti rẹ̀ ẹ́ kó tó débẹ̀. Obìnrin tó ti ń pè é ní "ọkọ mi kékeré" láti ọjọ́ tó ti wọlé ọkọ, lónìí kò pè é ní nǹkan kan. Ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà fọwọ́ pa orí ara rẹ̀, ó ní òun rántí ibì kan tí òun ń lọ, ó sì dìde. Ta ló máa dá a lẹ́bi? Orí kì í ṣe ohun téèyàn fi ń ṣeré.

Onígbàjámọ̀ pa kílípà. "Ìyàwó wa, ẹ jókòó ná."

"Mi ò jókòó. Kókó yẹn ti ń pọ̀ sí i lórí ẹ̀gbọ́n ẹ. Ọ̀kan ti ń ṣẹ̀jẹ̀ sórí ìrọ̀rí."

Onígbàjámọ̀ gan-an ti ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi tipẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ bá kókó náà pàdé lẹ́yìn orí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, lábẹ́ irun: ó le, kò dun ẹni tó ni ín, kò sì yún un. Ẹ̀rù bà á pé abẹ òun ni ò mọ́. Ló bá ní, "Bọ̀dá mi, kókó kílípà lásán ni, á wọlẹ̀," ó sì ń fi ìpara kùn ún nígbàkúùgbà tó bá gẹrun fún un. Àṣìṣe onígbàjámọ̀ nìyẹn: nǹkan kì í hù lórí kó má kọ́kọ́ fura sí abẹ rẹ̀. Ó se abẹ títí, ó fi sípíríìtì nù ún títí, kókó ò gbọ́.

"Ẹ jẹ́ ká gbé wọn lọ sílé ìwòsàn," ló sọ níkẹyìn. "Tó bá jẹ́ èmi ni mo fà á, màá gbà."

Wọ́n gé bíńtín lára kókó náà, wọ́n yàwòrán inú ẹ̀gbọ́n. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Nígbà tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà lọ gbọ́ èsì, dókítà, obìnrin kan tí oorun ò tó lójú ẹ̀, rọra sọ ọ́.

"Bàbá, jẹjẹrẹ ni. Inú kíndìnrín yín ló ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ló gbé e dé awọ orí."

"Kì í ṣe kílípà?" ni onígbàjámọ̀ bi í.

"Kílípà ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀."

"Ká ní a tètè wá ńkọ́?"

Dókítà wò ó díẹ̀. "Mi ò ní purọ́ fún yín, ì bá dáa. Ṣùgbọ́n kó tó yọ sí awọ, ó ti tàn kọjá kíndìnrín. Oògùn wà tó lè fà á sẹ́yìn. Pé á lọ pátápátá ni mi ò lè ṣèlérí."

Níta, ìyàwó fẹ́ kúnlẹ̀. "Ọkọ mi kékeré, ẹ má bínú."

Onígbàjámọ̀ gbá a mú kí orúnkún rẹ̀ tó kanlẹ̀. Wọ́n ti dá a láre, inú rẹ̀ sì bàjẹ́ ju ìgbà tí wọ́n ń fẹ̀sùn kàn án lọ. Ì bá wù ú kó jẹ́ kílípà òun ni. Wọn ì bá bú u, oníbàárà ì bá sá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ a sì máa fi ṣe é ní yẹ̀yẹ́ títí tí wọ́n á fi darúgbó.

Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó jókòó sórí àga. "Bóo ṣe bọ́ nìyẹn," ó ní. "Mo sì ti ń gbèrò àtigba ṣọ́ọ̀bù yìí lọ́wọ́ ẹ."

Onígbàjámọ̀ rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó mú sísọ́ọ̀sì.

"Mi ò lè rí ẹ̀yìn orí ara mi," ni ẹ̀gbọ́n sọ. "Ìyàwó mi á ní kò sí nǹkan. Ìwọ lò ń fọwọ́ kàn án. Ṣé ó ń pọ̀ sí i?"

Irọ́ tó rọrùn ti wà lẹ́nu onígbàjámọ̀. Ó gbé e mì. Ó ya irun náà, ó fọwọ́ tọ́ àwọn kókó náà wò níkọ̀ọ̀kan, bó ti yẹ kó ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bọ̀dá mi. Tuntun kan wà lẹ́bàá etí."

Ẹ̀gbọ́n tẹ orí síwájú kí ọwọ́ àbúrò rẹ̀ lè ráyè.

"O ṣé," ó ní. "Máa gé e lọ."