Orúkọ Tí Ìyàwó Ilé Kì í Pè

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀ sí i. Ìwọ tó ń fọ́ ẹ̀pà lẹ́nu bí ẹni ń fọ́ òkúta, gbé e mì ná. Ẹni tó bá ń tẹ fóònù, kó dojú ẹ̀ délẹ̀. Ọ̀rọ̀ ilé ni mo fẹ́ sọ, ilé ò sì ṣé é tẹ̀ ránṣẹ́.

Àlàájà Mùfúlíátù ló lọ sí ọ́fíìsì lọ́yà kan ní àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Post Office. Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tó ti ń gbé ní Gamboru, lókè Ọya lọ́hùn-ún, nínú ilé tí Salahudeen ọkọ ẹ̀ kó o wọ̀ kó tó di olóògbé. Èèyàn méjì péré ló kù níbẹ̀ báyìí, òun àti àbúrò ọkọ ẹ̀ obìnrin. Gwaggo ni gbogbo àdúgbò ń pe ìyẹn, bí àwọn Hausa ṣe ń pe àbúrò bàbá ẹni tó jẹ́ obìnrin. Àlàájà nìkan ló ń pè é ní Ìbàdíàrán, torí ìyàwó tó gbẹ̀kọ́ kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ.

Kí ló gbé e dé ọ̀dọ̀ lọ́yà? Àwọn ọmọ ẹ̀ méjèèjì tó wà ní Kánò ti ń sọ ọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ pé lọ́jọ́ tí Màmá bá kú, títà ni àwọn máa ta ilé náà. Gwaggo ò bímọ, kò lọ́kọ mọ́. Ibo ló máa wọ̀? Àlàájà wá ní kí wọ́n kọ ìwé, kí ilé di ti Gwaggo nísinsìnyí tí òun ṣì ń mí, kí ẹnikẹ́ni má lè lé e síta.

Àmọ́ kò tíì sọ fún Gwaggo o. Ẹ má dá a lẹ́bi. Òun tó ń pàṣẹ fún Gwaggo láti àárọ̀ dalẹ́, ẹ má gbé ìkòkò síbẹ̀, ẹ pa fáànù, ta ló ṣí fèrèsé yìí, irú ẹ̀ ò lè ṣàdédé di èèyàn pẹ̀lẹ́ lọ́jọ́ kan.

Wẹ̀mí, lọ́yà ọmọ Ìbàdàn tó ń ṣe àgùnbánirọ̀ níbẹ̀, mú bírò. Ó ní kí Àlàájà dárúkọ ẹni tó fẹ́ fún nílé.

"Ìbàdíàrán."

"Màmá, orúkọ gidi."

Àlàájà ní ìyẹn ò lè ti ẹnu òun jáde. Wẹ̀mí ní kí wọ́n rọra sọ ọ́ sí òun létí. Àlàájà bi í pé ṣé etí kì í ṣe ara èèyàn ni. Ó wá fọgbọ́n júwe ẹ̀.

"Ó jọ súrà tá a fi ń bẹ̀rẹ̀ ìrun."

"Màmá, Sẹ́lẹ́ ni mí."

Wẹ̀mí rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Ó ní kí wọ́n kúkú lọ mú káàdì ìdìbò Gwaggo wá, kí wọ́n sì mú ìwé tí wọ́n fi ra ilé dání.

Nílé, Àlàájà parọ́ pé ìrẹsì ni wọ́n ń pín, káàdì ni wọ́n fi ń gbà á. Gwaggo wò ó láti òkè délẹ̀.

"Ìyàwó, ìgbà wo lo bẹ̀rẹ̀ sí í tò fún ìrẹsì?"

"Láàárọ̀ yìí ni."

Gwaggo fún un ní káàdì, ó ní tó bá jẹ́ èyí tó ní òkúta nínú, kó dá a padà fún wọn.

Ìwé ilé wà nísàlẹ̀ àpótí Salahudeen, nínú ọ̀rá. Bulama, ìyẹn olórí àdúgbò, ló kọ ọ́ láyé ọjọ́un. Àlàájà ò mọ̀wé kà, kò sì sẹ́ni tó tú u wò látìgbà tí ọkọ ẹ̀ ti kú.

Lọ́jọ́ kejì, ó wọ kẹ̀kẹ́ padà sí Post Office. Inú ẹ̀ ń dùn. Ó ń rò ó lọ́nà bó ṣe máa sọ ọ́ fún Ìbàdíàrán. Bóyá lẹ́yìn oúnjẹ. Bóyá ó tiẹ̀ máa kọ́kọ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́ díẹ̀.

Wẹ̀mí gba káàdì, ó ka orúkọ sókè: Fathiah Láwàlì. Àlàájà di etí. Wẹ̀mí wá tú ìwé ilé, ó wo ibi tí wọ́n kọ orúkọ ẹni tó rà á sí, ó wo káàdì, ó tún wo ìwé. Ó rọra gbé bírò sílẹ̀.

"Màmá, Fathiah Láwàlì ló ra ilé yìí, ẹ̀yin gan-an lẹ ń gbé lọ́dọ̀ wọn."