Ọmọ Àjèjì Kì í Sáré

"Má sáré o! Azeezah! Ẹsẹ̀ rẹ ò gbọdọ̀ kúrò nílẹ̀!"

Ẹni tó ń pariwo yìí gan-an ló ń sáré. Alájì Jàfárù, oníṣòwò mílíìkì alágolo ní àdúgbò Commerce nílùú Bouaké, gba àárín pápá iléèwé kọjá bí ẹni tí ajá ń lé, agbádá lórí èjìká, bàtà kan lẹ́sẹ̀, ìkejì lẹ́nu géètì. Àwọn ọmọ tó tò sórí ìlà eré ìje bú sẹ́rìn-ín. Azeezah, ọmọ ọdún mẹ́wàá, ti na ẹsẹ̀ ọ̀tún síwájú, ó ti ká ọwọ́ bí ó ti rí i tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣe. Kí Mùsíyé Étienne, olùkọ́ eré ìdárayá, tó fọn fèrè, bàbá rẹ̀ ti gbá a lápá mú.

"Mùsíyé, kí ni ọmọ mi jí?"

"Jí kẹ̀? Alájì, eré ìje ni wọ́n fẹ́ sá."

"Ẹ̀yin onílé lẹ lè sáré. Bí ọmọ Anago, ọmọ Nàìjíríà bíi tiwa, bá ń sáré ní Bouaké báyìí, ta ni yóò béèrè ibi tó ń lọ? 'Olè!' ni wọn yóò ké."

Étienne rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò jiyàn. Lọ́dún náà, ọ̀rọ̀ ta ni ọmọ onílẹ̀ gidi, ta ni àlejò, ló gba ẹnu rédíò àti ẹnu ọlọ́kọ̀ kan. Jàfárù fa ọkùnrin náà sẹ́yìn ògiri, ó sì gbé páálí mílíìkì kan, tí ọmọ ìsọ̀ rẹ̀ rù bọ̀ lẹ́yìn, lé e lọ́wọ́. Láti ìgbà tí owó sẹfà ti já sí ìdajì, owó oṣù olùkọ́ kì í rí ìparí oṣù mọ́. Étienne wo páálí, ó wo ọmọ.

"Azeezah, lọ jókòó sábẹ́ máńgòrò. Ọkàn rẹ kò dára."

"Ọkàn mi dára, Mùsíyé."

"Mo ní kò dára!"

Báyìí ni wọ́n ṣe fún ọmọ tó yá gágá ní àìsàn lọ́sàn-án gangan, láìgbé e débi dókítà.

Ká má parọ́, ìbẹ̀rù nìkan kọ́ ló ń ṣe Jàfárù. Ọjà kò tà. Bí Azeezah bá ti dé láti iléèwé, bàbá rẹ̀ á fi òróró pa ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ rọ̀bọ̀tọ̀, á gbé e jókòó sẹ́nu ìsọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, á sì da mílíìkì sí i lẹ́nu lójú àwọn oníbàárà. "Ẹ fọwọ́ kàn án! Mílíìkì yìí náà ni!" Àwọn obìnrin á fà á lẹ́rẹ̀kẹ́, wọn á rà.

Marthe, nọ́ọ̀sì kan tó wá ra mílíìkì, kò fà á lẹ́rẹ̀kẹ́. Ó tẹ́tí sí èémí rẹ̀.

"Alájì, ọmọ yìí ń mí bí ẹwìrì. Ẹran ni ọkàn, iṣẹ́ ló ń fún un lágbára. Ẹ jẹ́ kó máa ṣeré lójoojúmọ́, kó fò, kó sáré, kó làágùn. Ìjókòó yìí yóò pa á."

Jàfárù wò ó látòkè délẹ̀. "Ìwọ tó o rí tín-ín-rín bíi pákò yìí, bí mo bá gbé ọ síbí, ta ni yóò ra nǹkan?"

Gbogbo ìsọ̀ rẹ́rìn-ín. Marthe dá mílíìkì rẹ̀ padà, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n Sèlíátù, ìyá ọmọ, ti gbọ́. Láàárọ̀, bí Alájì bá ti lọ kírun àsùbáà, ìyá àtọmọ á mú okùn lọ sẹ́yìnkùlé. Lákọ̀ọ́kọ́, Azeezah fò díẹ̀, ó dùbúlẹ̀ gbalaja. Nígbà tó yá, ó ń fò, ó ń kọrin.

"Màámi, àyà mi ń lù kì-kì-kì!"

"Jẹ́ kó lù. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn."

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, àwọn ṣójà dínà mọ́ṣáláṣí, wọ́n ń béèrè ìwé ìgbélùú. Jàfárù bá tètè padà. Ọ̀bẹ tó fi ń ya páálí ló fi gé okùn náà wẹ́lẹwẹ̀lẹ, ó sì gbá Sèlíátù létí níwájú ọmọ.

"Wò ó bó ṣe ń rù! Ṣé o fẹ́ ba ọjà mi jẹ́ ni?"

Sèlíátù wà ní Sakassou, níbi tó ti lọ tajà, lọ́jọ́ tí àwọn ọ̀dọ́ kan ya wọ Commerce pẹ̀lú igi lọ́wọ́, tí wọ́n ń kígbe kí àlejò máa lọ sílé. Ilẹ̀kùn ìsọ̀ ń dún gbàgà-gbàgà. Jàfárù fa ọmọ rẹ̀ dìde.

"Azeezah, sáré! Sáré, ọmọ mi!"

Ó sáré. Kò tíì kọjá ìsọ̀ mélòó kan tó fi dúró, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, ètè rẹ̀ ti ṣú. Bàbá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti pọ̀n ọ́n, kò lè gbé e dìde. Ariwo ti dé ìkóríta.

"Jókòó síbí. Wọn kì í lu ọmọdé. Mo ń bọ̀."

Ó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Kò sẹ́ni tó ké "Olè!" lé e lórí.

Òótọ́ ló sọ, wọn kò lù ú. Wọ́n yí i ká ni.

"Mílíìkì wa ló mu tó fi tóbi báyìí!"

"Ṣé èyí lè dé Nàìjíríà? Ẹ jẹ́ ká wò ó. Sáré!"

Wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Bó bá fẹ́ dúró, wọ́n á fi igi na ilẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ó ń yí po láàárín wọn, omijé àti òógùn dà pọ̀ lójú rẹ̀, títí tó fi rí Étienne lẹ́nu ilẹ̀kùn ìsọ̀ kan.

"Mùsíyé! Ẹ sọ fún wọn! Ẹ̀yin lẹ ní kí n jókòó!"

Àwọn ọ̀dọ́ náà yíjú sí olùkọ́. Étienne wo igi ọwọ́ wọn, ó wọlé, ó rọra pa ilẹ̀kùn dé.

Wọ́n pàtẹ́wọ́ títí Azeezah fi ṣubú. Wọ́n tún pàtẹ́wọ́ sí i. Wọ́n rò pé ó ń ṣeré ni.

Lọ́jọ́ kejì ìsìnkú, Jàfárù àti ìyàwó rẹ̀ jókòó ní àgọ́ ọlọ́pàá.

"Anago," ni ọ̀gá ọlọ́pàá wí, "dókítà ní kò sí àpá kankan lára ọmọ rẹ. Kí ni wọ́n ṣe fún un?"

"Wọ́n ní kó sáré."

"Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

"Ó sáré."

Ọlọ́pàá gbé bírò rẹ̀ lélẹ̀. "Ọmọ ọdún mẹ́wàá? Àwọn tèmi ń sáré látàárọ̀ dalẹ́, wọn ò kú. Kí ló wá ṣe tìrẹ?"

Jàfárù yíjú sí ìyàwó rẹ̀ kó bá òun fèsì. Sèlíátù tún ìbòrí rẹ̀ dì, ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ ọn.

"Ẹ dá wọn lóhùn, bàbá Azeezah. Èmi náà fẹ́ gbọ́."