Fúláwà Tí Ìyá Ẹ Gbìn

Kọ ọ́ sílẹ̀, Àdùkẹ́. Mo rí ìyá ẹ lójú àlá. Mò ń fomi ọṣẹ nu fúláwà tó gbìn sí pálọ̀ kó tó kú, torí kòkòrò funfun ti bo abẹ́ ewé ẹ̀. Ni ewé bá di irun, ìyá ẹ jókòó sáàárín itan mi, kòkòrò di iná orí. Bí mo bá ṣa ọ̀kan, irun á tẹ̀ lé e.

"Ṣé ó ń dùn ẹ́?"

"Rárá, Màámi, ẹ máa ṣà á."

Nígbà tí irun tán, mi ò rí i mọ́. Mi ò mọ ìtumọ̀ ẹ̀.

Kòkòrò ṣì wà lára fúláwà náà láàárọ̀ yìí. Ìwọ bá mi nù ún, ọmọ mi. Èmi ò fẹ́ tún fọwọ́ ara mi ṣà á tán.