Iyán Tó Dá Kẹ̀kẹ́ Dúró ní Ìsàn

Káṣímírù, ará Kétu ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, gun kẹ̀kẹ́ wọ Ìsàn, ìlú wa, pẹ̀lú Bùkúnmi, ọmọ-ọmọ mi. Ó ń kọ ìwé nípa ibi tí ìrìnàjò kò ti wọ́n àti ibi tí ayé ti rọrùn.

"Màmá, ẹ má bínú, Bẹ̀nẹ̀ ló ń ṣíwájú Nàìjíríà. Òtẹ́ẹ̀lì wa kò wọ́n, mọ́tò kì í sì í fọn fèrè lé oníkẹ̀kẹ́ lẹ́yìn."

Inú bí mi. Kí Ìsàn gba ipò kejì níṣojú mi? Mo yí odó síta. Mo gún iyán débi pé ìró fẹ́ tú nídìí mi. Eyín mẹ́ta tó kù lẹ́nu mi ni mo fi dì í mú.

Káṣímírù jẹun tán, ó na owó sí mi.

"Ṣé ulé mi jọ bùkà ni? Kó o sápò!"

Ó kọ òdo sínú ìwé níbi iye owó oúnjẹ. Mo jó! Ó gbẹ́sẹ̀ láti gun kẹ̀kẹ́, ikùn kọ̀. Ó padà wọlé, ó sùn fọnfọn.

Nígbà tó jí, ó tún kọ nǹkan, Bùkúnmi sì kà á fún mi: "Ní ti owó, Ìsàn ló gba ipò kìíní. Ní ti ìrìn, òun ló gbẹ̀yìn: n kò rin kìlómítà kan lẹ́yìn iyán."

Mo rẹ́rìn-ín títí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ tọ̀ sára. Mo ní kí Bùkúnmi lọ bó iṣu ti ọ̀la.