Orí Kọ́ Ló Ń Fọ́ Mi

Mo lá àlá kan lọ́jọ́ Túsìdeè, lójú ọ̀sán gangan, lórí bẹ́ǹṣì ọsibítù ìjọba tó wà nílùú wa yìí. Ẹ má tíì fi mí ṣẹ̀sín o. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó gbé mi débẹ̀.

Láti ìgbà tí mo ti bí Ìníolúwa, ọdún mẹ́ta ti lọ báyìí, ìtọ̀ kì í gbọ́ tèmi mọ́. Bí mo bá sín, ó ti dà. Bí mo bá wúkọ́, ó ti dà. Bí mo bá wá rẹ́rìn-ín ńkọ́? Ẹ̀yin náà ẹ mọ ìyókù. Ọkọ mi, Fọlárànmí, aláwàdà paraku ni, ẹ̀rín ló fi fẹ́ mi. Ní báyìí, kó ṣáà ti la ẹnu báyìí, mo ti sá bọ́ síta. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ló jókòó tì mí, ó ní, "Arínọlá, ṣé ọ̀rọ̀ mi ò wù ọ́ gbọ́ mọ́ ni?" Ó dùn mí dé egungun. Mo pinnu pé mo máa wá dókítà tó mọ̀ nípa abẹ́ obìnrin kàn, ì báà wà lẹ́yìn odi.

Àmọ́ ṣé ẹ mọ ọsibítù wa? Àárín èrò ni akọ̀wé tó ń gba káàdì ti máa ń pariwo pé, "Kí ló ń ṣe yín?" Láàárín ọdún mẹ́ta yìí, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti lọ. Ní gbogbo ìgbà tó bá ti bi mí, tí mo bá wẹ̀yìn tí mo rí ojú àwọn èèyàn, ohun tó ń jáde lẹ́nu mi ni pé, "Orí ló ń fọ́ mi." Panadó tó wà nílé mi báyìí, mo lè fi ṣí ṣọ́ọ̀bù. Lọ́jọ́ Túsìdeè náà, mo tún ní orí ni. Wọ́n ní kí n lọ jókòó, ibẹ̀ ni oorun ti gbé mi lọ.

Ni nǹkan kan bá fà mí láṣọ. Káàdì mi ni. Ó ní, "Ẹ dìde ká lọ. Irọ́ tí ẹ ní kí wọ́n kọ sí mi lára ti ń yún mi." Mo ní kó má bínú, mo sì tẹ̀ lé e.

Ó mú mi dé ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń fọwọ́ sí ìwé, àmọ́ ọ́fíìsì náà ò sí nílẹ̀. Òkè igi máńgòrò ló ń léfòó sí, fáìlì ń já bọ́ látibẹ̀. Kí ni ǹ bá ṣe? Mo ká ìró mi sókè, mo gun igi. Ọ̀gá kan tó wọ táì bi mí pé, "Kí ló ń ṣe yín?" Mo bojú wolẹ̀, èrò kún ìdí igi. Mo ní, "Orí ni, sà." Ó kọ lẹ́tà fún mi, ó ní kí n gbé e lọ sí Ẹ̀ka Orí.

Ní Ẹ̀ka Orí, nọ́ọ̀sì kan yọ orí mi lọ́rùn jẹ́jẹ́, ó gbé e sórí òṣùwọ̀n. Ẹ má bi mí ohun tí mo fi ń ríran. Orí mi bá yọ ṣùtì sí mi. Ó ní, "Ara mi le koko! Ọdún mẹ́ta lo ti ń bà mí lórúkọ jẹ́." Nọ́ọ̀sì náà ní kí n gbé orí mi, kí n lọ bá àwọn dókítà àgbà ní yàrá kejì.

Àwọn mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ló ń rí sí abẹ́ obìnrin níbí?" Wọ́n wo ara wọn. Èyí tó dàgbà jù wúkọ́, irùngbọ̀n ẹ̀ gùn, ó di òbúkọ. Àwọn méjì tó kù di ewúrẹ́, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ lẹ́tà mi. Mo ní, "Ẹ rọra, sà, yíǹkì wà lára ẹ̀."

Òbúkọ náà ní, "Ìyá, gbogbo abiyamọ ló ń rí bẹ́ẹ̀. Ẹ lọ fara dà á."

"Ṣé ẹ̀yin bímọ rí ni, sà?"

Ó ní àwọn ò bímọ rí, àmọ́ àwọn ti kà nípa ẹ̀. Ẹ wò ó, inú bí mi! Mo gbá ìlẹ̀kùn jáde.

Ìlẹ̀kùn mìíràn ló tún wà níwájú mi. Òun náà ní, "Dókítà tí ẹ ń wá wà nínú. Kí ló ń ṣe yín?" Mo wẹ̀yìn. Ìyá ọkọ mi ti dé, olórí ẹgbẹ́ akọrin wa ti dé, tíṣà tó kọ́ mi ní ìwé kejì náà ti dé, gbogbo wọn fọwọ́ lẹ́rán. Mo sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ìlẹ̀kùn ní, "Mi ò gbọ́." Háà! Ó tó gẹ́ẹ́! Mo ya ẹnu, mo ké tòò: "Ìtọ̀ ló ń dà lára mi! Orí kọ́ ló ń fọ́ mi! Ìtọ̀ ni!"

Mo lajú. Gbogbo ọsibítù, èmi ni wọ́n ń wò. Ṣé kì í ṣe pé mo ti pariwo ẹ̀ lójú oorun!

Ìyá àgbàlagbà kan tó jókòó tì mí di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Ọmọ mi, tèmi ti pé ọdún mọ́kànlá." Obìnrin kan lẹ́yìn wa ní, "Èmi náà, látìgbà tí mo ti bí àwọn ìbejì." Bàbá kan wúkọ́, ó ní, "Ìyàwó mi ló rán mi. Ìgbà kẹta tí mo wá nìyí, ẹ̀yìn ni mo ń sọ pé ó ń dùn mí."

Akọ̀wé tiẹ̀ ò gbójú sókè. Ó ń fi ọwọ́ méjèèjì to fáìlì, ó sì fi eyín di káàdì mi mú, etí káàdì ti rin gbindin. Ó yọ ọ́ lẹ́nu, ó fa ìlà gba orí "orí fífọ́" kọjá.

"Yàrá kẹsàn-án, gbogbo Tọ́sìdeè," ó ní. "Ọdún méje ni dókítà abẹ́ obìnrin ti ń jókòó síbẹ̀. Ó ti ń bi mí pé ṣé orí nìkan ló ń dun àwọn obìnrin ìlú yìí ni."

Ẹ̀rín pa mí. Ìtọ̀ dà, lójú gbogbo wọn. Mi ò dìde, mo jókòó síbẹ̀, mo rín in tán.