Ológun Tí Kò Jókòó

Bísí, má rẹ́rìn-ín o. Àlá tí mo lá mọ́jú òní, wọ́n ń ya fíìmù ayé àtijọ́ nínú pálọ̀ wa, ìtàn ológun kan tó gbọgbẹ́, tó ń kọ́ ìrìn lákọ̀tun. Bọ̀ọ̀dá mi Wálé, tó ti ojú ogun dé lọ́dún tó kọjá, ni ológun náà. Ẹ̀rọ ata ni wọ́n fi ń yàwòrán, kò sì yà mí lẹ́nu.

Iṣẹ́ tèmi nínú eré náà ni kí n kí i. Ó wọlé, iyanrìn ń dà jáde nínú bàtà rẹ̀. Mo ní, "Ẹ káàbọ̀, Bọ̀ọ̀dá." Kò jókòó. Ó jáde, ó tún wọlé. "Ẹ káàbọ̀." Kò jókòó. Iyanrìn ti kún dé orúnkún wa.

Ẹni tó ń darí eré bá pariwo mọ́ mi: "Ṣé ọjà ló lọ ni?"

Mo ta jí. N kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀ o. Àmọ́ lọ́jọ́ tó dé lóòótọ́, "káàbọ̀" náà ni gbogbo wa kí i.

Nígbà tí mo bọ́ sí pálọ̀ láàárọ̀ yìí, Bọ̀ọ̀dá dúró sídìí fèrèsé bó ṣe máa ń dúró láti ọjọ́ tó ti dé. Mo kúnlẹ̀. "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ kú ewu."

Bísí, ó jókòó.